Fóònù ọ́fíìsì wa tan, nọ́ńbà hàn lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ẹni tó ń pè wá

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A ra fóònù ọ́fíìsì mẹ́rin, àwọn tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ ojú wọn yẹn, àlòkù ni ṣùgbọ́n wọ́n mọ́. Wọ́n tan, nọ́ńbà wa hàn lójú wọn, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlà ti wọlé. Àmọ́ tí èèyàn bá pè wá láti ìta, òun ń gbọ́ wa, àwa ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà míì a máa gbọ́ra, kò ní pẹ́ tí ìlà á já, kò tiẹ̀ ní tó ìṣẹ́jú kan. Èyí tó wà lórí tábìlì ọ̀gá wa ló tún yàtọ̀, ṣe ló ń tẹ ara ẹ̀ bíi pé iwin ń bẹ nínú ẹ̀. Ọmọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa ní ká rísẹ́ẹ̀tì gbogbo ẹ̀ ká tún un tò látìbẹ̀rẹ̀, mo ní kó ṣì dúró. Ṣé ká dá wọn padà fún ẹni tó tà wọ́n ni, àbí àwa la ò mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ẹ kú ìnira o. Ohun tó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ dá ọmọkùnrin yẹn dúró, torí tó bá jẹ́ fóònù àlòkù, rísẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kéèyàn nù ún padà sí bó ṣe tilé iṣẹ́ wá, lè sọ ìṣòro tó ṣeé yanjú di èyí tápá ò ká mọ́, màá dé orí ìyẹn tó bá yá. Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ó dà bíi pé fóònù mẹ́rin ló ya wèrè lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ fóònù mẹ́rin kì í ya wèrè lọ́jọ́ kan. Tí nǹkan kan náà bá ń ṣe gbogbo wọn, ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣe, á jẹ́ pé ohun tó wà lára òun nìkan ni. Torí náà, àìgbọ́ ohùn àti ìlà tó ń já, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, mo sì ti ń fura sí ìyá wọn, rọ́tà yín ni, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri ọ́fíìsì. Iwin orí tábìlì ọ̀gá, àlejò nìyẹn, kò bá àwọn tó kù tan rárá, ọ̀rọ̀ iná tàbí ti ojú fóònù fúnra ẹ̀ ni.

Èrò kan wà tí mo fẹ́ ká yọ kúrò lọ́kàn ká tó lọ síwájú, òun ni pé fóònù tó bá ti tan tí nọ́ńbà sì hàn lójú ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Rárá o. Fóònù àtijọ́, waya kan náà tó ń gbé ohùn wá ló ń gbé iná wá, tẹ́ ẹ bá ti gbé e sétí tẹ́ ẹ gbọ́ "huuun" yẹn, ó ti parí. Ti yín kì í ṣe irú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ló wọ aṣọ fóònù. Tẹ́ ẹ bá ki waya bọ̀ ọ́, ó máa wá iná, ó máa tọrọ àdírẹ́sì lọ́wọ́ rọ́tà, ó máa béèrè pé aago mélòó ló lù, lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá lọ kí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè yín, pé èmi ni nọ́ńbà báyìí o, tẹ́nì kan bá wá mi, ibí ni mo wà. Ìkíni yẹn ni fóònù ń pè ní "ìlà ti wọlé". Ìkíni lásán ni, ohùn kankan ò tíì kọjá níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dán an wò bóyá ohùn á lè kọjá.

Èdè tí wọ́n fi ń kí ara wọn yẹn ni wọ́n ń pè ní SIP, ìwé tó to òfin ẹ̀ bá a ṣe ń lò ó lónìí, RFC 3261, ọdún 2002 ló jáde. Iṣẹ́ alárinà ni SIP ń ṣe. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, alárinà á yẹ̀bá, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. SIP á pe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á jẹ́ kí fóònù dún, á sọ fún kálukú ibi tó ti máa rí èkejì, lẹ́yìn náà ohùn fúnra ẹ̀ á gba ọ̀nà míì, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní RTP, ilẹ̀kùn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí fóònù fi lè dún, kẹ́ ẹ gbé e, kí aago máa ka ìṣẹ́jú lójú ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì gbọ́ pín-ín. Alárinà ti ṣe tiẹ̀ tán, ọkọ àtìyàwó ni ò mọ yàrá ara wọn.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń gbọ́ yín tẹ́yin ò gbọ́ wọn? Nínú ọ́fíìsì yín, rọ́tà ti fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì inú ilé, bíi 192.168.1.24. Àdírẹ́sì yìí ò nítumọ̀ níta, àìmọye ilé àti ọ́fíìsì ló ń lo irú ẹ̀ lónìí. Nígbà tí ìpè bá wọlé, fóònù yín á kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó ń fún alárinà pé kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní 192.168.1.24. Ó dà bíi kẹ́ ẹ sọ fún àjèjì tó wà lókè òkun pé kó wá bá yín ní yàrá kejì lápá ọ̀tún. Yàrá kejì lápá ọ̀tún ní ilé ta ni? Ohùn ẹni tó ń pè á gbéra, á sọnù sọ́nà. Ohùn tiyín ní tiẹ̀ á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, torí pé àdírẹ́sì gidi ni sáfà fún fóònù yín, rọ́tà kì í sì í sábà dá ohun tó ń jáde dúró. Òun ni wọ́n ṣe ń gbọ́ yín. Àwọn sáfà tó gbọ́n máa ń wò ó pé ibo gan-an ni ohùn yín ti ń wá, wọ́n á sì dá ti ẹnì kejì padà síbẹ̀ láìka ohun tí lẹ́tà sọ sí, ìyẹn lè jẹ́ ara ohun tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan rọ́tà ṣá, ẹ ṣe àyẹ̀wò kékeré kan tí mo fi ojú ara mi kọ́. Nígbà kan mo lo ààbọ̀ ọjọ́ nínú ọ́fíìsì kan, mò ń tú ètò rọ́tà, mo ń pe àwọn tó ni ìlà, mo tiẹ̀ ti fẹ́ bá wọn jà, ìgbà tí mo yí fóònù dé ni mo rí i pé ihò méjì tó jọra wà lábẹ́ ẹ̀, ọ̀kan ya àwòrán èyí tí wọ́n ń gbé sétí, èkejì ya àwòrán agbọ́rọ̀kọ́rí, wọ́n wá ki okùn èyí tí wọ́n ń gbé sétí bọ ihò agbọ́rọ̀kọ́rí. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí, ó tún dún "ká". Ojú tì mí débi pé mi ò gba owó ààbọ̀ ọjọ́ yẹn. Torí náà nígbà tí ìpè bá wọlé tẹ́ ò gbọ́ nǹkan, ẹ tẹ sípíkà. Tí ohùn bá jáde ní sípíkà, okùn yín ló wà nínú ihò tí kì í ṣe tiẹ̀ tàbí kó ti bàjẹ́, rọ́tà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí sípíkà náà bá dákẹ́, ẹ wá jẹ́ ká máa bá rọ́tà lọ. Ẹ tún lè pe ara yín láti tábìlì kan sí èkejì. Tí sáfà yín bá wà nínú ọ́fíìsì, tẹ́ ẹ gbọ́ra nínú ilé tẹ́ ò sì gbọ́ ará ìta, ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn pé ara fóònù le. Ṣùgbọ́n tí sáfà bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpè tábìlì sí tábìlì náà lè jáde síta kó tó padà wọlé, ẹ má wá tìtorí ìyẹn dá fóònù lẹ́bi.

Nínú rọ́tà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wá ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní SIP ALG. Àwọn tó ṣe rọ́tà fi í síbẹ̀ láti ṣèrànwọ́: tí fóònù bá kọ àdírẹ́sì inú ilé sínú lẹ́tà, SIP ALG á ṣí lẹ́tà náà lọ́nà, á pa á rẹ́, á fi àdírẹ́sì ìta sí i. Èrò rere ni. Àmọ́ nínú rọ́tà tó pọ̀ tí mo ti bá pàdé, ó ń pa ìlà kan rẹ́, ó ń gbàgbé ìlà kejì, tàbí kó tún lẹ́tà tí sáfà ti tún ṣe ṣe, gbogbo ẹ̀ á wá dàrú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ìlà ló máa ń sọ pé kẹ́ ẹ pa á. Ẹ wá a nínú mẹ́nù rọ́tà, lápá ibi tí wọ́n kọ fáyàwọ́ọ̀lù tàbí NAT sí, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tan rọ́tà àti fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, torí tẹ́ ò bá tan wọ́n padà, ohun tí wọ́n ti há sórí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á ṣì máa lò, ẹ ó sì rò pé kò ṣiṣẹ́. Àwọn rọ́tà kan wà tí ò ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á, tiwọn le, nígbà míì kéèyàn kúkú pààrọ̀ ẹ̀ ló dáa, tàbí kí wọ́n yí ìlà yín sí TLS, ọ̀nà tó ń fi èdìdì di lẹ́tà, lórí pọ́ọ̀tù 5061, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn ẹ̀, torí lẹ́tà tí wọ́n ti fi èdìdì dì, rọ́tà ò lè ṣí i kà dépò pé á tún un kọ.

Ẹ ó tún gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé kẹ́ ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 5060 sílẹ̀ gbayawu nínú rọ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, 5060 ni ti alárinà, ohùn ò gba ibẹ̀ kọjá, pọ́ọ̀tù ti ohùn máa ń wà lókè réré, Asterisk, sọ́fútíwíà sáfà kan, fún àpẹẹrẹ máa ń lo 10000 sí 20000 tẹ́nì kan ò bá yí i, torí náà ẹni tó ṣí 5060 ò tíì ṣe nǹkan kan fún ohùn. Èkejì, àwọn olè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn 5060 kiri tọ̀sán tòru, ẹni tí wọ́n bá rí pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ tó rọrùn, wọ́n á fi ìlà ẹ̀ pe àwọn nọ́ńbà olówó gọbọi lókè òkun mọ́jú, owó á wá máa lọ lọ́wọ́ ẹni tó ni ìlà. Fóònù tó lọ kí sáfà níta ò nílò kẹ́nì kan ṣí ilẹ̀kùn fún un láti ẹ̀yìn, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣí i látinú.

Ní ti ìlà tó ń já, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ gbé aago, kẹ́ ẹ ka iye sẹ́kọ́ńdì tó máa ń lò kó tó já, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Tó bá ń já ní bíi sẹ́kọ́ńdì 32 ní gbogbo ìgbà, a ti mú olè náà. Tẹ́ ẹ bá gbé fóònù, fóònù yín máa ń sọ fún ẹ̀gbẹ́ kejì pé "mo ti gbé e o", ó sì ń retí kí wọ́n dáhùn pé "a ti gbọ́". Tí ò bá gbọ́ ìdáhùn, á tún un sọ lẹ́yìn ìdajì sẹ́kọ́ńdì, lẹ́yìn náà sẹ́kọ́ńdì kan, méjì, mẹ́rin, á wá máa tún un sọ ní mẹ́rin-mẹ́rin títí sẹ́kọ́ńdì 32 á fi pé, bí òfin SIP ṣe là á kalẹ̀ nìyẹn, tí ò bá rí ẹni dá a lóhùn títí dìgbà yẹn, á gbà pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, á já ìlà. Ẹ̀yin lè máa sọ̀rọ̀ lọ dáadáa ní gbogbo àsìkò yẹn, torí ọ̀nà ohùn yàtọ̀ sí ọ̀nà alárinà. Kí ló wá dá "a ti gbọ́" dúró? Àdírẹ́sì yẹn náà ni. Ìdí tí mo fi sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n nìyẹn, ẹni tó bá rí SIP ALG pa lè rí méjèèjì tí wọ́n jọ lọ.

Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 ló ń já, ọ̀rọ̀ míì ni, ó ní aago kan tí sáfà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìpè ṣì wà láàyè, àwọn tó ni ìlà ló máa bá yín tún ìyẹn ṣe. Tí ò bá ní iye kan pàtó, tó ń já bó ṣe wù ú, tí ohùn sì ń gé kélekèle kó tó já, ẹ wá wo waya àti íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀ náà, ẹ má sáré lọ ra íntánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù. Ohùn ìpè kan lórí G.711, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sọ ohùn di nọ́ńbà tí wọ́n sì ń lò gan-an, kò ju nǹkan bíi kílóbíìtì 90 ní sẹ́kọ́ńdì kan lọ ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, fóònù mẹ́rin ò tó ìdajì mẹ́gábíìtì. Ohun tí ohùn ń fẹ́ ni kí ọ̀nà dúró déédéé, kí ẹ̀gbọ́n má ti àbúrò nígbà tẹ́nì kan bá ń gbé fáìlì ńlá lọ sókè. Nínú rọ́tà tó dáa, ẹ lè ní kó máa ya ohùn sọ́tọ̀ kó kọ́kọ́ kọjá.

Ohun kan tún wà tí ẹ ò tíì kérora sí, mo sì mọ̀ pé ó ń bọ̀: fóònù á ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tó bá ṣe díẹ̀, àwọn tó ń pè á ní kò wọlé, bẹ́ẹ̀ tẹ́yin bá pe ìta, ó ń lọ. Rọ́tà ló gbàgbé yín. Fóònù lè ṣètò láti máa kí sáfà ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín sẹ́kọ́ńdì 3600, wákàtí kan nìyẹn, rọ́tà sì lè ti ilẹ̀kùn yẹn padà láàárín ìṣẹ́jú kan tí ò bá ti rí ohun tó ń kọjá. Nínú ètò ìlà lórí fóònù, ẹ wá ohun tí wọ́n ń pè ní keep-alive, ẹ tàn án, ẹ fi í sí sẹ́kọ́ńdì 30.

Ó ku iwin orí tábìlì ọ̀gá. Oríṣi ojú fóònù méjì ló wà. Ọ̀kan ń fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìka, èékánná, ìdí péènì, gbogbo ẹ̀ ló ń gbọ́. Ìkejì, tó wọ́pọ̀ jù báyìí, bí ìka èèyàn ṣe ń yí iná kékeré tó wà lójú ẹ̀ padà ló ń mọ̀, ẹ ò ní láti tẹ̀ ẹ́ rárá, ìfọwọ́kàn lásán ti tó. Ìkejì yìí ló máa ń ríwin, torí omi, òróró ọwọ́, tàbí iná tí ò mọ́ lè tàn án jẹ pé ìka wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bò ó látilé iṣẹ́ ṣì wà lójú ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ti wọ abẹ́ ẹ̀. Ẹ ṣí i. Ẹ pa fóònù, ẹ fi aṣọ tó gbẹ tó sì rọ̀ nù ún dáadáa, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa nù ún nígbà tó ń tan lọ́wọ́, ẹ ó kàn máa pe èèyàn tẹ́ ò ní í pè ni. Tó bá ṣì ń ṣe é, ẹ wo adáptà tó ń fún un níná. Adáptà tí ò dáa máa ń da ariwo sínú iná, ojú fóònù á sì máa ka ariwo yẹn bí ìka. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ yọ adáptà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí waya íntánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ gbé iná wá fún un, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní PoE. Tí súwíìṣì yín bá ní i, ìyẹn àpótí tí gbogbo waya kó sí, irú ti 802.3af láti ọdún 2003 ń fi wáàtì 15.4 sílẹ̀ fún ihò waya kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán 12.95 á dé ọ̀dọ̀ fóònù. Ọ̀pọ̀ fóònù olójú fífọwọ́tẹ̀ ni ìyẹn tó fún, àwọn tó ní kámẹ́rà tàbí tí ojú wọn tóbi gan-an lè fẹ́ 802.3at tó ń gbé 30.

Ẹ ṣọ́ra fún adáptà àlòkù o, gidi ni mò ń sọ. Òmíràn ń gbé fólítì 5, òmíràn 12, òmíràn 48, ẹnu wọn sì lè jọra pátápátá. Ẹni tó ń ta àlòkù lè kàn mú èyí tọ́wọ́ ẹ̀ bá bà nínú àpótí. Mo ti gbóòórùn jíjó fóònù tí wọ́n fi 48 sí nígbà tó ń béèrè 5, òórùn yẹn ò ní í kúrò nímú mi láéláé. Ẹ dojú fóònù dé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ ka ti adáptà, kí nọ́ńbà méjèèjì bára mu. Tẹ́ ẹ bá ti fún un ní iná tó mọ́, tí ojú ẹ̀ mọ́, tó ṣì ń tẹ ara ẹ̀, ní pàtàkì tó bá jẹ́ ibì kan náà ló ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tàbí tí ìlà kan lójú ẹ̀ ò gbọ́ ìka mọ́, ojú ẹ̀ ti kú nìyẹn, ẹ dá òun nìkan padà. Owó àtúnṣe ojú fóònù àlòkù kì í sábà yẹ é. Kẹ́ ẹ tó dá a padà, ẹ wo orí ẹ̀ bóyá àmì má-dà-mí-láàmú ti tan, èyí tó ń jẹ́ DND. Iwin yẹn ti lè tẹ ìyẹn náà, gbogbo èèyàn á máa rò pé ìlà ọ̀gá ò lọ, bẹ́ẹ̀ fóònù ẹ̀ ló ń kọ ìpè láìdún.

Ọ̀rọ̀ waya, màá yára sọ ọ́. Ihò méjì ló wà lẹ́yìn fóònù fún waya íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún ògiri, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gba ara fóònù kọjá. Ti ògiri sí ògiri, ti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan ki méjèèjì bọ ògiri láé. Mo mọ ọ́fíìsì kan tí ẹni tó ń gbálẹ̀ rí waya kan tó ń ré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, àánú ló ṣe é, ó fi í bọ ihò tó ṣófo lára ògiri, kó tó ìṣẹ́jú kan gbogbo ọ́fíìsì ti dákẹ́, kọ̀ǹpútà, fóònù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí po láàárín ihò méjì yẹn láìdúró, tó wá kún gbogbo ọ̀nà.

Ní ti ètò ìlà, ohun tó máa ń da èèyàn láàmú jù ni pásíwọ́ọ̀dù mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni wọ́n fi ń wọ inú ètò fóònù fúnra ẹ̀, èkejì ni ìlà fi ń kí sáfà, ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín. Wọn ò jọra, ẹ má fi ọ̀kan sáyè èkejì. Tẹ́ ẹ bá rí 401 nínú àkọsílẹ̀ fóònù, ẹ má bẹ̀rù, sáfà kàn ní "ta nìyẹn?" ni, fóònù á sì dá a lóhùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ 403 ló dá dúró lé, wọ́n ti mọ̀ yín wọn ò sì gbà yín, ẹ yẹ pásíwọ́ọ̀dù àti orúkọ ìdánimọ̀ wò, torí nínú ìlà míì, nọ́ńbà tó ń hàn àti orúkọ tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ò rí bákan náà. 408 ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn rárá. Tó bá jẹ́ TLS lẹ ń lò, ẹ wo aago fóònù. Fóònù tó ti pẹ́ nínú páálí lè rò pé ọdún pípẹ́ sẹ́yìn la ṣì wà, á wo ìwé ẹ̀rí sáfà, á ní ìwé yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní wọlé. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì sáfà aago, NTP, ó parí.

Ó wá ku rísẹ́ẹ̀tì. Fóònù ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdí kan, MAC, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni fóònù yín tẹ́lẹ̀ lè ti fi MAC yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, pé nígbàkigbà tó bá jí bí ọmọ tuntun, kó wá sọ́dọ̀ wa wá gba ètò. Tẹ́ ẹ bá rísẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ti di ọmọ tuntun nìyẹn, á sì sáré padà sílé àtijọ́, ẹ ó wá rí i tó ń gbé àmì ilé-iṣẹ́ tẹ́ ò mọ̀, tó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ò ní. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lójú àwọn tó gbà mí síṣẹ́. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ tàbí àwọn tó ṣe é ló sábà máa ń lè tú u sílẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó rísẹ́ẹ̀tì ohunkóhun, ẹ ya àwòrán gbogbo ètò tó wà níbẹ̀, ẹ kọ MAC mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á bóyá wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lórúkọ ẹni àkọ́kọ́, kó sì jẹ́ ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé sọ́fútíwíà tuntun sí i, ẹ má yọ iná ẹ̀ láàárín ìgbà yẹn rárá, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ṣé kẹ́ ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà? Tèmi ni pé kẹ́ ẹ mú mẹ́ta dání ná. Fóònù yòówù kẹ́ ẹ rà, tuntun tàbí àlòkù, ẹ̀yìn rọ́tà yìí kan náà ló máa wá jókòó sí, ohun tó ń ṣe ti ìsinsìnyí á ṣe é. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ rèé, tó bá jẹ́ fóònù tí àwọn tó ṣe é ti jáwọ́ nínú sọ́fútíwíà ẹ̀, ó lè dọ́jọ́ kan tí àwọn tó ni ìlà á ní TLS ẹ̀ ti gbó jù, kẹ́ ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa gba ìpè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò tiẹ̀ ní gbé olójú fífọwọ́tẹ̀ fún un, bọ́tìnì gidi ni, torí ìka máa ń mọ ọ̀nà bọ́tìnì láìwò ó, bẹ́ẹ̀ lórí gíláàsì, ojú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìka. Fún ọ̀gá tó fẹ́ máa wá orúkọ kó sì darí ìpè, ojú fífọwọ́tẹ̀ dáa. Tó bá sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà lẹ máa ń jókòó tì lójoojúmọ́, áàpù orí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú agbọ́rọ̀kọ́rí tó dáa á ṣe iṣẹ́ kan náà, àìsàn rọ́tà yẹn náà sì lè ṣe òun náà, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́.

Láti ibi tí mo wà, mi ò lè rí inú rọ́tà yín, ẹ ò sì sọ fún mi bóyá sáfà wà nínú ọ́fíìsì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí náà tẹ́ ẹ bá ti pa SIP ALG tí ohùn ò sì tíì wọlé, ẹ pe àwọn tó fún yín ní ìlà. Ẹ má sọ fún wọn pé fóònù ò ṣiṣẹ́, ṣe ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tàn án. Ẹ ní kí wọ́n wo ìpè kan tẹ́ ẹ gbà láago báyìí, kí wọ́n sọ àdírẹ́sì tí fóònù yín kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ sí. Tí wọ́n bá ka 192.168 sí yín létí, kò sí àlàyé míì. Kẹ́ ẹ sì fi iye sẹ́kọ́ńdì maráàrùn-ún yẹn ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ tó wà lára rọ́tà.